Ariwo Bayreuth: Bí Àwọn Òǹwòran Ti Gba Eré Òrùka ní Ọdún 1976

Ohun tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni a sábà máa ń kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ ó sì dárí jì mí bí mo bá mú yín lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kan yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé kẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ kan àwọn eré àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń tún ṣe ní ọ̀nà tuntun, olùkọ́ kan dìde, ó bi wá léèrè pé: ẹ̀tọ́ wo ni ẹni tí kò kọ eré ní láti bọ́ aṣọ tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi wọ̀ ọ́, kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, n kò sì rí ọ̀rọ̀ dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó, ìtàn tí ó sì ń padà sí mi lọ́kàn ni ti ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé eré kan ní ilẹ̀ Jámánì ní 1976, nítorí pé n kò mọ ibòmíràn tí àwọn òǹwòran ti bínú sí eré kan tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì tún fẹ́ràn eré kan náà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 5.

Richard Wagner ni orúkọ ẹni tí ó kọ eré náà. A bí i ní 1813, ó sì kú ní 1883. Ópẹ́rà ni a ń pe irú eré bẹ́ẹ̀, èyí tí í ṣe eré tí a ń fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń fọn fèrè, tí ń ta gòjé, tí ń lu ìlù sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Òrùka ti Nibelung ni èyí tí mo ń sọ yìí. Eré 4 ni ó wà nínú rẹ̀, alẹ́ 4 ni a sì fi ń ṣe é, nǹkan bí wákàtí 15 lápapọ̀. Ọdún 26 ni Wagner fi kọ ọ́, láti 1848 títí dé 1874. Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí nìyí. Aràrá kan tí a ń pè ní Alberich jí wúrà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò Rhine, lẹ́yìn tí ó ti kọ ìfẹ́ sílẹ̀. Nítorí pé ẹni tí ó bá kọ ìfẹ́ nìkan ni ó lè fi wúrà náà rọ òrùka tí yóò fún un ní agbára lórí ayé gbogbo. Wotan, olórí àwọn òrìṣà, ti ní kí àwọn òmìrán kọ́ ààfin fún òun, kò sì ní ohun tí yóò fi san owó iṣẹ́ wọn. Ó fi ẹ̀tàn gba òrùka náà lọ́wọ́ aràrá, aràrá sì fi òrùka náà gégùn-ún. Láti orí èyí ni gbogbo ìyókù ti wá: ọmọ Wotan ọkùnrin kú nípa àṣẹ baba rẹ̀, Brünnhilde, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sùn láàárín iná nítorí àìgbọràn, Siegfried, ọmọ-ọmọ rẹ̀, pa dírágónì, ó gba òrùka, a sì fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́yìn, títí Brünnhilde fi dá òrùka padà fún odò, tí ààfin àwọn òrìṣà sì jóná.

Wagner kò fẹ́ kí a ṣe eré yìí ní àwọn ilé eré ńlá ìgbà náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ láti fi aṣọ han ara wọn. Ó wá ìlú kékeré kan ní Bavaria, Bayreuth ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ilé eré sórí òkè kan níbẹ̀, Ọba Ludwig Kejì sì yá a ní owó tí a fi parí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1876 ni a ṣí i. Nǹkan bí 1,900 ènìyàn ni ó gbà, orí ìtàgé nìkan ni gbogbo wọn sì kọjú sí. A fi àwọn tí ń lo ohun èlò orin pamọ́ sínú kòtò tí a bò lórí, tí òǹwòran kò fi lè rí wọn; a sì pa iná ilé kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo aṣọ ẹnì kejì rẹ̀. Bí ẹni ń lọ sí ilé ìsìn ni àwọn ènìyàn ń lọ sí ibẹ̀. Ìgbà kan wà tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ retí oúnjẹ kan kì í fara mọ́ ọn nírọ̀rùn bí a bá gbé òmíràn síwájú rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé bí a ti ṣe eré náà ní 1876 kò tẹ́ Wagner fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ní ti aṣọ àwọn òṣèré, Cosima, ìyàwó rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ọjọ́ rẹ̀ pé wọ́n jọ àwọn olóyè onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe dírágónì, ọrùn rẹ̀ kò sì dé ní àkókò, bẹ́ẹ̀ ni dírágónì náà jáde láìní ọrùn tí ó yẹ ẹ́. Gbèsè tí eré náà dá sílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè tún ṣe àjọ̀dún mìíràn níbẹ̀ títí di 1882. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà kú tán, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn wá di ohun mímọ́. Cosima, tí ó jẹ́ olórí ibẹ̀ títí di 1906, kò fẹ́ kí òṣèré kan gbé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ òun fi lélẹ̀. Àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé tí a fi ṣe Parsifal, eré Wagner ìkẹyìn, ní 1882, àwọn náà ni a ṣì ń lò ní 1933, nígbà tí wọ́n ti gbó. Nígbà tí a sì ń gbèrò láti pààrọ̀ wọn, àwọn ọmọbìnrin Cosima kó ìwé ẹ̀bẹ̀ jọ, ọ̀pọ̀ ẹni ńlá nínú iṣẹ́ orin sì fi ọwọ́ sí i, pé kí a má ṣe mú àwòrán tí ojú ẹni ńlá náà ti wò kúrò. A mú wọn kúrò ní 1934. Kì í ṣe ní 1976 ni ìjà yìí bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Winifred, opó Siegfried Wagner tí í ṣe ọmọ olórin náà, ni ó ń ṣe àkóso ilé eré náà láti 1930 títí di òpin ogun, ọ̀rẹ́ Hitler sì ni. Láti 1933 títí ogun fi bẹ̀rẹ̀, Hitler ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí a tún ilẹ̀kùn náà ṣí ní 1951, Wieland, ọmọ Winifred, kó òkè, igi, àpáta àti àṣíborí kúrò lórí ìtàgé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ ní òfìfo, iná nìkan ni ó sì fi kùn ún. Gbogbo ayé mọ àbàwọ́n tí ó ń gbìyànjú láti fọ̀. Síbẹ̀ ní 1956, nígbà tí ó ṣe eré Wagner kan tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Nuremberg, tí kò sì fi ilé kan ṣoṣo láti Nuremberg hàn, wọ́n hó lé e lórí. Nuremberg ni ìlú tí Hitler ti máa ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ẹni tí ó ń sunkún pé òun kò rí ilé àti òrùlé ìlú yẹn lórí ìtàgé, ọdún 11 péré lẹ́yìn ogun, n kò rò pé orin nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Wieland kú ní 1966, Wolfgang àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó kù. Nígbà tí ilé náà fẹ́ pé 100 ọdún, Wolfgang pe Pierre Boulez, olórin ilẹ̀ Faransé, kí ó wá darí orin Òrùka. Patrice Chéreau ni a sì fi eré orí ìtàgé lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 31 ni Chéreau, ópẹ́rà 2 péré ni ó sì ti gbé kalẹ̀ rí. Richard Peduzzi tí ó ṣe ìtàgé, àti Jacques Schmidt tí ó ṣe aṣọ, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni àwọn náà. Láti 1870 títí dé 1945, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì ti bá ara wọn jagun lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo bí yóò ti rí lójú àgbàlagbà ará Jámánì kan pé ní ọdún ayẹyẹ ńlá yìí gan-an, àwọn ọmọ Faransé 4 ni a pè wá láti tún ilé baba òun tò.

Aṣọ ìkélé ṣí. Níbi tí wọ́n ti ń retí ìsàlẹ̀ odò Rhine, tí àwọn ọmọbìnrin odò ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, odi ìsédò ńlá kan ni wọ́n rí, irú èyí tí a ń fi omi rẹ̀ pèsè iná mànàmáná, bí ti Kainji ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọbìnrin odò náà múra bí aṣẹ́wó. Àwọn òrìṣà wọ kóòtù gígùn bí àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbà ayé Wagner. Ní alẹ́ kejì, nínú ààfin rẹ̀, Wotan dúró níwájú jígí ńlá kan, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irin kan tí a so rọ̀ láti òkè sì ń fì lọ, ó ń fì bọ̀, bí ti aago ara ògiri. Nígbà tí ó dé ibi tí ó gbé sọ pé òpin nìkan ṣoṣo ni òun ń fẹ́, ó na ọwọ́, ó dá irin náà dúró. Ní alẹ́ kẹta, ẹ̀rọ ńlá kan ni ó bá Siegfried lu idà rẹ̀; dírágónì jẹ́ ohun ìṣeré tí àwọn ọkùnrin ń tì kiri ní gbangba; ẹyẹ tí ń bá a sọ̀rọ̀ nínú igbó wà nínú àgò. Ní alẹ́ kẹrin, kóòtù dúdú tí a ń wọ̀ lọ sí àsè ni Siegfried wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Wọ́n hó, wọ́n súfèé, wọ́n kígbe. Àwọn kan mú fèrè irú èyí tí olọ́pàá ń fọn wá láti ilé, wọ́n sì ń fọn ọ́ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, nínú ilé tí a kì í ti í wúkọ́. Àwọn tí eré náà dùn mọ́ ń pàtẹ́wọ́ láti bo ariwo náà, ìjà ẹnu sì di ìjà ọwọ́ ní àwọn ibì kan. Wọ́n ń pín ìwé pélébé lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ Wagner lọ́wọ́ ìparun. Chéreau gba lẹ́tà ìhàlẹ̀. Boulez kò mú un jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ó mú orin náà fúyẹ́ jù, ó sì mú un yára jù, bí ẹni pé ìwúwo nìkan ni ẹ̀rí pé orin jinlẹ̀. Nínú àwọn olórin inú kòtò fúnra wọn, àwọn kan kò gba tirẹ̀, àwọn púpọ̀ nínú wọn kò sì padà wá ní ọdún kejì.

Mo dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò máa fi àwọn Òyìnbó wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Kí ó rántí pé ní 1961, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ fi ìlù sí orin Àjíǹde tí ó ṣe fún ìjọ kan ní Òṣogbo, ariwo sọ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ìlù dùndún nínú ilé Ọlọ́run. Ọdún 3 lẹ́yìn náà, ní 1964, Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, àwọn ará Jámánì sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn wà nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún ìlù wa ní Berlin, tí ó sì fọn fèrè ní Bayreuth. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, a máa ń fi ojú tí ó mọ́ wò ó.

Ǹjẹ́ àwọn tí ó hó jàre? Mo gbà pé wọ́n jàre níbì kan. Nínú ìwé eré náà, ìsàlẹ̀ odò ni Wagner kọ, kò kọ ìsédò. Orin tí ó fi ṣí eré náà, ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni, tí ó pẹ́ títí kí òmíràn tó gùn ún, tí ó sì ń ru sókè díẹ̀díẹ̀ bí omi tí ń kún. Orin omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni. Bí aṣọ ìkélé bá wá ṣí, tí ojú rí irin àti odi, ojú àti etí kò ní bára mu, òǹwòran tí kò sì bìkítà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ orin rárá. Chéreau lè dáhùn pé orin ń kọ ohun tí a ti sọ nù, ìtàgé sì ń fi ohun tí a sọ ọ́ dà hàn. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ènìyàn ń rí lẹ́yìn tí ó ti délé ni. Ní ìṣẹ́jú tí aṣọ ìkélé ṣí, ohun tí ń dunni ṣì ń dunni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wí. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé àlejò ti ti ọ̀rọ̀ owó àti ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kò kan Wagner, bọ inú ìtàn àwọn òrìṣà. Níbí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọdún tí Wagner bẹ̀rẹ̀ Òrùka, 1848, ni ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù dìde sí àwọn ọba wọn. Ní 1849 òun fúnra rẹ̀ wà nínú ìrúkèrúdò tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dresden, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Switzerland kí a má baà mú un. Ní 1898, ọdún 78 kí Chéreau tó dé Bayreuth, Bernard Shaw ti kọ odindi ìwé kan láti fi hàn pé olówó àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni aràrá Alberich àti àwọn ẹrú rẹ̀ abẹ́ ilẹ̀. Èyí tí ó sì borí gbogbo rẹ̀ ni ti 1877. Ní ọdún náà Wagner wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, ó rí èéfín àti kùrukùru, ó rí bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé àlá Alberich ni ó ṣẹ yìí. Cosima kọ ọ́ sílẹ̀. A kò tẹ apá ìwé náà tí ó wà nínú rẹ̀ jáde títí di 1976, ọdún ariwo náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé bí àwọn kan ti ń fọn fèrè nítorí Wagner, ọ̀rọ̀ ẹnu Wagner ń ti ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé bọ̀ láti dá ọmọ Faransé náà láre.

Kí wá ni wọ́n ń gbèjà? Ohun tí mo rò ni pé àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni wọ́n ń gbèjà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ mú wá sí orí òkè yẹn nígbà èwe, tí ó rí odò aláwọ̀ ewé àti òrìṣà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀, kò lè ya Òrùka sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Èmi kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀, kí ó má ṣe fi orúkọ òkú bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn sì tún wà. Ní òpin alẹ́ kẹrin, nígbà tí iná ti jó ààfin àwọn òrìṣà, Chéreau kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sórí ìtàgé, ọkùnrin àti obìnrin, nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń wo iná. Bí orin ìkẹyìn ti ń dún, tí ó rọ̀ tí ó sì dùn ju gbogbo èyí tí ó ti kọjá lọ, wọ́n yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú sí àwọn òǹwòran, wọ́n sì ń wò wọ́n. Wọn kò ṣe nǹkan mìíràn. Ilé yẹn, níbi tí a ti pa iná kí ẹnikẹ́ni má baà rí òǹwòran, ní ìlú tí Hitler ti jókòó nínú òkùnkùn kan náà tí ó gbádùn orin kan náà! Bí mo bá jẹ́ ẹni ọdún 60 ní ìjókòó yẹn ní 1976, n kò lè búra pé n kò ní hó.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Èmi kò dé Bayreuth rí. Nínú fíìmù tí Brian Large ṣe nípa eré náà ní 1979 àti 1980 ni mo ti wò ó, lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ẹ̀rọ tí ń lu idà kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní. Orin ibẹ̀, orin apá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, a ń gbọ́ òòlù rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti wo alágbẹ̀dẹ rí níbi tí ó gbé ń lu irin yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bí ẹ̀rọ bá ti bá a ṣe é, agbára ti kúrò nínú orin. Dírágónì náà kò sì bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikú Siegmund ní alẹ́ kejì. Wotan ni ó fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ idà ọmọ náà, tí ọ̀tá fi rí i pa. Nínú eré Chéreau, bàbá kò dúró lókèèrè; ó sáré wá, ó gbá ọmọ tí ń kú lọ mọ́ àyà, ọmọ sì wo ojú rẹ̀. Orin ibẹ̀ ti ń sọ èyí láti ìgbà tí Wagner ti kọ ọ́. Níbí ni mo ti rí ìdáhùn fún olùkọ́ wa: ẹ̀tọ́ tí Chéreau ní kò wá láti inú pé ó jẹ́ ọ̀dọ́ tàbí pé ayé ti yí padà, ó wá láti inú pé ní ibi púpọ̀ ó gbọ́ orin náà ju àwọn tí ó ti há a sórí lọ. Níbi tí kò ti gbọ́ ọ, bí ti idà, kò ní ẹ̀tọ́ kankan, kí olúkúlùkù wí ohun tí ó fẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ kò sì ka eré náà sí ohun tí ó ti parí. Ọdọọdún ni ó ń padà wá láti tún un ṣe. Àpáta tí Brünnhilde sùn lé lórí jọ òkè Matterhorn ní 1976. Ní 1977 ó ti mú un kúrò, ó fi òmíràn sí i tí a mú láti inú àwòrán Erékùṣù Àwọn Òkú tí Arnold Böcklin yà. Ní ọdún kan náà, ẹsẹ̀ René Kollo tí ń ṣe Siegfried dá. Kollo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó ń kọrin, Chéreau sì wọ aṣọ Siegfried, ó jáde, ó ń ṣe eré náà láìlanu, níwájú àwọn tí ó ti hó lé e lórí ní ọdún tí ó kọjá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Àwọn òǹwòran kò yí padà ní ọjọ́ kan. Ariwo ń dínkù lọ́dọọdún, àtẹ́wọ́ ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí a ṣe alẹ́ kẹrin fún ìgbà ìkẹyìn, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ju wákàtí kan lọ. Ìgbà 101 ni a ka pé aṣọ ìkélé ṣí fún àwọn òṣèré láti jáde wá tẹríba. Winifred ti kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé Òrùka kalẹ̀ níbikíbi, ti Chéreau ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ó rọrùn láti inú èyí fún ọ̀dọ́ òṣèré kan láti wí pé: wọ́n hó mi, nítorí náà mo dára. Irọ́ ni. Ní 2013, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí a bí Wagner, Frank Castorf gbé Òrùka mìíràn kalẹ̀ ní Bayreuth, ó fi epo rọ̀bì rọ́pò wúrà, ó fún Siegfried ní ìbọn Kalashnikov láti fi pa dírágónì, ìró ìbọn náà sì bo orin mọ́lẹ̀. Ní òpin, wọ́n hó lé e lórí. Ó dúró sórí ìtàgé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó ń fi ìka tọ́ka sí orí ara rẹ̀, bí ẹni tí ń wí pé kí wọ́n lo ọpọlọ wọn. Nígbà tí Kirill Petrenko tí ó darí orin jáde, ilé mì tìtì fún ayọ̀. Nínú ohun tí mo kà nípa ti alẹ́ náà, àwọn kan ń ṣe ìrántí Chéreau gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí nǹkan ṣì dára. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá, Chéreau kú. Boulez tẹ̀lé e ní 2016.

Fíìmù náà wà lọ́wọ́ mi. Bí olùkọ́ wa bá fẹ́, mo lè gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Alẹ́ kìn-ín-ní nìkan ń gba nǹkan bí wákàtí 2 àti ààbọ̀, kò sì sí ìsinmi láàárín rẹ̀, nítorí náà kí àwọn tí yóò wá jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé.